Àpótí Eré Ọkọ̀: Ara Àtijọ́, Orí Tuntun

Ní Oko-Akarè, gẹ́gẹ́ bó ti rí ní gbogbo kọ́múùnù Adja-Ouèrè, ẹ̀rọ kì í tètè kú. Rédíò tó bá dákẹ́ yóò kọ́kọ́ gba ìgbátí lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Bí ìyẹn kò bá ràn án, yóò di èrò ìsọ̀ atúnrédíòṣe ní ọjà Ikpinlè. Bí ọ̀gá tó wà níbẹ̀ kò bá rí i jí, yóò tú u palẹ̀, yóò sì kó àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ sínú agolo, títí di ọjọ́ tí rédíò mìíràn yóò béèrè ọ̀kan nínú wọn. Àwọn tẹlifíṣọ̀n onígò tí ẹ̀yìn wọn yọ gọngọ máa ń wà ní irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Òkú ni wọ́n lójú ẹni tó ń kọjá lọ. Ọ̀gá tó ni ìsọ̀ mọ̀ pé ohun tó kú nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kò tóbi ju èékánná lọ.

Iṣẹ́ kan wà ní òkè òkun tó jọ iṣẹ́ ìsọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀ kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà, ní Jàpáànù, ní ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn kan ń ra àpótí eré ìdíje ọkọ̀ tó ti darúgbó, wọ́n ń gbé e wá sílé, wọ́n sì ń fi òpin ọ̀sẹ̀ oṣù púpọ̀ jí i dìde. Àpótí onípákó ni, ó ga tó ènìyàn. Àwọn mìíràn sì ní ìjókòó, bí ẹni pé wọ́n gé iwájú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan sọ́nà. Ẹni tó fẹ́ ṣeré yóò sọ owó ẹyọ sínú ihò rẹ̀, yóò di ìdarí mú, yóò sì máa wa ọkọ̀ tó ń sáré lójú ẹ̀rọ títí àkókò rẹ̀ yóò fi pé. Inú gbọ̀ngàn eré àti ilé ọtí ni wọ́n máa ń gbé e sí, níwọ̀n bí ó ti wọ́n ju ohun tí ẹnì kan lè rà sí pálọ̀ rẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1974 ni ilé-iṣẹ́ Atari ní Amẹ́ríkà gbé Gran Trak 10 jáde. Ó ní òbìrìkìtì ìdarí, èyí tí àwọn awakọ̀ wa ń fi Faransé pè ní volant. Ó ní ọ̀pá jíà. Ó ní ìtẹ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan fún eré, ọ̀kan fún ìjánu. Ohun tí kò ní ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà: gbogbo ìrònú rẹ̀ wà nínú àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí wọ́n so pọ̀ mọ́ ara wọn lórí pátákó, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ. Ní 1982, Namco ti Jàpáànù ṣe Pole Position, tí wọ́n fi pápá eré ọkọ̀ Fuji, tó wà ní ilẹ̀ wọn gan-an, ṣe àwòkọ́ṣe. Ní 1986 ni Sega gbé OutRun jáde lábẹ́ ìdarí Yu Suzuki, ẹni tó rin ìrìn àjò ní Yúróòpù láti wo ọ̀nà tí yóò yà sínú eré náà. Èyí tó gbówó lórí jùlọ nínú àpótí OutRun ní mọ́tò lábẹ́, tí ìjókòó fi ń yí sọ́tùn-ún sósì bí ọkọ̀ bá ti ń gba kọ́nà.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ eré inú ilé lágbára tó láti ṣe ohun tí gbọ̀ngàn eré ń ṣe. Àwọn ọmọ jókòó sílé. Àwọn àpótí di ẹrù ìyẹ̀wù ẹ̀yìnkùlé, ọ̀rinrin wọ pákó wọn, èkúté jẹ wáyà wọn. Èyí tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ lónìí, irú ipò bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń wà.

Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ dojú kọ onítọ̀hún le ju ti irinṣẹ́ lọ. Ṣé kí ó tún ẹ̀rọ náà ṣe bó ti wà ní ọjọ́ tó jáde ní ilé-iṣẹ́, àbí kí ó yọ orí àtijọ́ kúrò, kí ó sì fi orí tuntun sí i? Ìjà ńlá ni láàárín àwọn tó fẹ́ràn nǹkan wọ̀nyí. Àwọn kan sọ pé pátákó 1986 tí wọ́n bá yọ dànù ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní ṣe mọ́, àti pé ẹni tó gé ara àpótí kí ó lè fi tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ sí i ti ba ohun ìrántí jẹ́. Àwọn mìíràn dáhùn pé ohun ìrántí tí kò ṣiṣẹ́ kò yàtọ̀ sí kọ́bọ́ọ̀dù. Tọ̀tún tòsì ló ní ẹ̀tọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó dàgbà jùlọ nínú iṣẹ́ náà ní òfin kan tó dára ju àríyànjiyàn náà lọ: má ṣe ohun tí ìwọ tàbí ẹlòmíràn kò lè dá padà. Pátákó tí wọ́n bá yọ, wọn yóò dì í sínú àpò, wọn yóò sì fi pamọ́ sínú ìsàlẹ̀ àpótí kan náà. Wáyà tuntun kò gbọdọ̀ gé wáyà àtijọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò gbà kọjá. Ihò tuntun kò gbọdọ̀ sí nínú pákó. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó ti pa àtúnṣe ilẹ̀kùn àwọn bàbá ńlá mọ́ lọ́wọ́ yóò mọ irú ọ̀wọ̀ tí èyí jẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú àpótí náà, ó ní ohun kan tó gbọ́dọ̀ mọ̀. Ojú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí jẹ́ ìgò, bí ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Iná tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìgò náà máa ń lé ní fóòtì 20,000. Bí wọ́n bá ti yọ wáyà kúrò lára ògiri, ilé lè dákẹ́, iná orí ẹ̀rọ lè kú, ṣùgbọ́n ìgò náà lè di iná mú bí ìkòkò ti ń di omi mú, fún ọjọ́ mélòó kan nígbà mìíràn. Ẹni tí kò mọ̀ yóò na ọwọ́ sí ìbòrí rọ́bà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìgò yóò sì tú gbogbo ohun tó dì mú sí i lára. Ó lè mú kí ọkàn ẹni fò sẹ́yìn. Ó tún lè mú kí ènìyàn fa ọwọ́ yọ pẹ̀lú ìbẹ̀rù, kí ó gbá ọrùn ìgò, èyí tí kò nípọn rárá, kí ó sì fọ́ mọ́ ọn lójú.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tú iná náà sílẹ̀. Wọn yóò yọ wáyà ògiri. Wọn yóò bọ́ òrùka àti aago. Ọwọ́ òsì yóò lọ sẹ́yìn, kí iná má bàa rí ọ̀nà gba àyà kọjá láti ọwọ́ kan sí èkejì. Wọn yóò mú irin títẹ́ẹ́rẹ́ tí èèkù rẹ̀ jẹ́ ike tó nípọn, tí wọ́n ti fi wáyà so mọ́ férémù irin tó gbé ìgò náà dúró, wọn yóò sì rọra ti ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ ìbòrí rọ́bà títí yóò fi kan irin inú rẹ̀. Nígbà mìíràn ìró kékeré kan yóò dún, tá! Wọn yóò dúró díẹ̀, wọn yóò sì tún un ṣe, nítorí pé ìgò lè kó ìyókù iná jọ padà. Kíkà èyí nínú ìwé ìròyìn kò sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀gá: lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ti ń ṣe é tipẹ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tó ti gbọ́ ọ rí ní èdè rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí kò gbọ́ rárá. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí, ìkìlọ̀ wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pẹ̀lú àmì mànàmáná. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Jàpáànù ni wọ́n fi kọ ọ́.

Òjé wà nínú ìgò yìí pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí fífọ́ ọ sórí ààtàn kò fi dára. Ní Agbogbloshie ní Àkárà, títí ìjọba Gánà fi wó ibẹ̀ ní 2021, àwọn ọ̀dọ́ ń sun wáyà láti rí bàbà inú rẹ̀, èéfín rẹ̀ sì ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti ṣe àdéhùn ní Bamako ní 1991 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó pàǹtí olóró wọ ilẹ̀ wa. Àlòkù ẹ̀rọ ń wọlé síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìgò, iná ilé ló kàn. Fóòtì 220 ni iná SBEE. Àpótí tí wọ́n ṣe fún Jàpáànù ń retí fóòtì 100, ti Amẹ́ríkà ń retí nǹkan bí 120. Ẹni tó bá kì í bọ ara ògiri láìwo ìdí rẹ̀ yóò rí èéfín kó tó rí eré. Tìráńsífọ́mà tó ń sọ iná kalẹ̀ ló máa ń yanjú èyí, àwọn oníṣẹ́ ọjà sì mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé kì í ṣe ọ̀ràn àpótí eré nìkan. Àwọn agolo kéékèèké tó ń tọ́jú iná lórí pátákó, èyí tí wọ́n ń pè ní condensateur, máa ń gbẹ tàbí kí wọ́n wú lórí bí ọdún bá ti pọ̀. Wọ́n ń yọ́ òjé ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń fi tuntun rọ́pò wọn. Kò sí àṣírí níbẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti dùn jùlọ ni ìdarí. Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ̀ pé awakọ̀ yí ọwọ́ sí òsì? Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpótí, ohun tó wà ní ìdí ìdarí kò yàtọ̀ sí bọ́tìnnì tí a fi ń gbé ohùn rédíò sókè tàbí tí a fi ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí ó bá yí sí apá kan, iná tó ń kọjá á dínkù. Bí ó bá yí sí apá kejì, á pọ̀ sí i. Ìtẹ̀sẹ̀ eré àti ti ìjánu náà lè ní tiwọn. Gbogbo ọgbọ́n tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ awakọ̀ ní, àwọn bọ́tìnnì wọ̀nyí ló ń sọ ọ́ di iná púpọ̀ tàbí iná díẹ̀. Nítorí náà, orí tuntun kò nílò láti mọ ohunkóhun nípa 1986. Ó tó kí ó lè wọn iná náà.

Pátákó kékeré kan tó ń jẹ́ Arduino, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Ivrea ní Ítálì ní 2005, lè ṣe iṣẹ́ ìwọ̀n yìí. Ó ń wo iná láti òdo dé fóòtì márùn-ún, ó sì ń sọ ọ́ di nọ́ńbà láti 0 dé 1023. Bí ìdarí bá wà láàárín, nọ́ńbà yẹ kí ó wà ní àyíká 512. Bí ó bá lọ sí òsì, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá lọ sí ọ̀tún, ó ń gòkè. Àwọn kan nínú ìdílé Arduino, bíi Leonardo, lè fi ara wọn hàn fún kọ̀ǹpútà bí ẹni pé àwọn ni ìdarí tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù. Kọ̀ǹpútà kò ní mọ ìyàtọ̀.

Níbí ni àtúnṣe ti di kíkà. Ẹni tó bá so ìdarí mọ́ Arduino yóò rí nọ́ńbà lójú ẹ̀rọ, nọ́ńbà náà ni yóò sì sọ àìsàn fún un. Bí ọwọ́ bá dúró gbọn-in, tí nọ́ńbà sì ń fò láti 490 dé 540 tó ń padà, ìdọ̀tí ti wọ inú bọ́tìnnì náà, tàbí kí ojú rẹ̀ ti jẹ. Bí ìdarí bá yí dé òpin òsì tí nọ́ńbà kò sì rẹlẹ̀ ju 200 lọ, kò sí ohun tó bàjẹ́: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, ó kàn yẹ kí ètò mọ̀ pé 200 ni òpin òsì. Bí nọ́ńbà bá ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó yẹ kó gòkè, wáyà méjì ti gba ipò ara wọn. Àgbàlagbà tó ti kọ́ nọ́ńbà dé ẹgbẹ̀rún kan ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà alẹ́ lè ṣe iṣẹ́ yìí. Kò nílò dípúlómà kankan.

Orí tuntun náà lè jẹ́ kọ̀ǹpútà àlòkù, tàbí Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà tó mọ bí páálí ìpara tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí tà ní 2012 ní nǹkan bí dọ́là 35. Ọ̀pọ̀ ń fi ètò MAME sí i, èyí tí Nicola Salmoria bẹ̀rẹ̀ ní Ítálì ní 1997, tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà tuntun láti máa hùwà bí pátákó àtijọ́. Ètò MAME fúnra rẹ̀ kò ní owó. Eré tí wọ́n ń fi sínú rẹ̀ ṣì ní olúwa, ẹni tó bá sì jí i dà sínú àpótí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń tẹ ìwé olówó láìgba àṣẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Eré wà tí kò mú ẹjọ́ wá. SuperTuxKart jẹ́ eré ìdíje ọkọ̀ tí ìwé àṣẹ rẹ̀ gba gbogbo ènìyàn láàyè láti lò ó, láti ṣí inú rẹ̀ wò, láti yí i padà. Àwọn olùyọ̀ǹda ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ sí èdè wọn. Ní Èkó, ilé-iṣẹ́ Maliyo Games tí Hugo Obi dá sílẹ̀ ti ṣe eré tí wọ́n pè ní Okada Ride, tí ọlọ́kadà ń sá fún ìjàmbá nínú ìgboro. Ẹni tó bá ti jókòó sẹ́yìn sẹ́míjàn rí láti Pobè dé Ikpinlè nígbà òjò kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé irú eré bẹ́ẹ̀ fún un.

Àwọn kan lè sọ pé ìtàn ọlọ́rọ̀ ni gbogbo èyí, pé ta ni yóò gbé àpótí OutRun dé Oko-Akarè. Ó ṣeé ṣe kí ó má sí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà, yíyọ orí àti fífi ara sílẹ̀, ti dé ọ̀dọ̀ wa kí wọ́n tó béèrè. Ní Lòmé, nínú ilé iṣẹ́ ọwọ́ WoeLab tí ayàwòrán ilé Sénamé Koffi Agbodjinou dá sílẹ̀ ní 2012, Afate Gnikou kó àlòkù kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìwé jọ. Ó yọ irin tí orí ẹ̀rọ ìyàwòrán náà fi ń rìn lọ rìn bọ̀, ó yọ mọ́tò wọn, ó sì fi wọ́n ṣe ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike láti fi mọ nǹkan. Ní 2013 ló parí rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é ní W.Afate. Nǹkan bí dọ́là 100 ló ná wọn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ti orí ààtàn wá. Ó ní ohun tí kò rí níbẹ̀ tí wọ́n ní láti rà ní tuntun. Ìyẹn náà jẹ́ òtítọ́ iṣẹ́ yìí: ààtàn ń fúnni ní egungun, kì í sábà fúnni ní ọpọlọ.

Ní Kútọnu, àwọn ará BloLab tí Médard Agbayazon ń darí ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti ṣe kọ̀ǹpútà Jerry. Kọ̀ǹpútà ni, inú kẹ́ẹ̀gì lítà 20 ló ń gbé, irú kẹ́ẹ̀gì tí àwọn ìyá wa ń da epo pupa sí. Wọ́n ń gé ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń to pátákó àlòkù sí inú rẹ̀, wọ́n ń gún ihò kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Paris ni èrò náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 2011, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí kẹ́ẹ̀gì ti pọ̀ bíi ti ìhà wa. Ọmọ tó bá ti ṣe Jerry kan kò ní bẹ̀rù àti ṣí ẹ̀yìn àpótí kankan mọ́.

Bí àwọn ọ̀dọ́ Oko-Akarè bá fẹ́ àpótí eré tiwọn, ohun tí wọ́n nílò kò jìnnà. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń kan tábìlì baby-foot ń bẹ, àwọn ọ̀pá rẹ̀ ń yí láìdúró, pákó rẹ̀ sì ń fara da ìgbátí àwọn ọmọdé. Ìdarí wà lára ọkọ̀ tí wọ́n ti tú fún irin. Bọ́tìnnì rédíò wà nínú agolo. Ìtẹ̀sẹ̀ kò ju pákó méjì àti ìdè ilẹ̀kùn kan pẹ̀lú rọ́bà tó ń fà á padà lọ. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ àlòkù sàn ju onígò lọ, nítorí ohun tí a ti sọ lókè. Ihò owó nìkan ló lè fa wàhálà bí wọ́n bá rà á láti òkè òkun: èyí tí wọ́n ṣe fún owó ẹyọ Amẹ́ríkà tó fẹ̀ tó mílímítà 24 kò ní gba 100 sẹ́fà wa, tó fẹ̀ tó 26. Ayùn irin tàbí ọmọkùnrin kan tó ń gba owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí yóò yanjú ìyẹn.

Ohun tó kù ni ìwé. Nígbà tí àwọn àpótí wọ̀nyí ń jáde, ilé-iṣẹ́ máa ń fi àwòrán wáyà àti ìwé ìtọ́ni ránṣẹ́ pẹ̀lú wọn, ọ̀pọ̀ sì ń fi í sínú àpótí gan-an. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ìwé náà ló ń gba àtúnṣe là. Àwọn tó ń pààrọ̀ orí lónìí ń tẹ̀lé àṣà yẹn: wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n yí padà sórí bébà, wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àwọn ọ̀gá ọjà wa kì í ṣe é. Orí ni wọ́n fi ń gbé gbogbo rẹ̀, bí ọ̀gá bá sì kúrò, tàbí tí ọmọ iṣẹ́ bá lọ gba òmìnira ní Èkó, ẹni tó kàn yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, yóò máa fi ìka wá wáyà tó ní iná. Bébà kan tó tó. Pẹ́ńsù àti ọwọ́ tó ti kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì lè kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá:

Yọ wáyà ògiri kí o tó ṣí i. Wáyà pupa, fóòtì 5. Wáyà dúdú, ilẹ̀. Wáyà funfun, ìdarí. Ní àárín, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 512. Pátákó àtijọ́ wà nínú àpò ní ìsàlẹ̀, má ṣe jù ú nù. Bí o bá rí ìgò lójú rẹ̀, má fọwọ́ kàn án, pe ọ̀gá.